Èédú, omi eérú àti afẹ́fẹ́: níbo ni amóníà yẹn ti wá?

Ìbéèrè

Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí ní Ìsánlú. Èmi àti àwọn ọmọ SS2 mi kà á pé kábọ́ọ̀nù lè fi iná mànàmáná sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di amóníà, láìsí ooru, láìsí gáàsì. Àwa náà gbìyànjú ẹ̀. A tú òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, a yọ ọ̀pá dúdú inú wọn, a po ìyẹ̀fun dúdú tó yí i ká mọ́ èédú lílọ̀, a dì í sínú aṣọ, a fi ṣe ẹlẹ́kítíróòdù, ibi tí iná ń gbà wọ inú omi. Omi eérú la dà sínú ike. Sólà 100 W ló ń gbé iná wọ̀ ọ́, pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kò tó wákàtí méjì tí òórùn amóníà fi ta wá nímú, bébà lítímọ́ọ̀sì pupa, tí amóníà máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, sì di búlúù. Ṣé a ti ṣe é? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo la ṣe máa sọ ọ́ di ńlá? Yúríà, ajílẹ̀ tí wọ́n ń fi amóníà ṣe, ti wọ́n kọjá agbára àwọn àgbẹ̀ wa.

Ìdáhùn

Ọ̀kun, àbúrò mi. Bá mi kí àwọn ọmọ náà kú iṣẹ́. Olùkọ́ tó ń jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan kò pọ̀ mọ́.

Amóníà lẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, imú yín kò purọ́. Àmọ́ kò ti inú afẹ́fẹ́ wá. Inú bátìrì ló ti jáde, ibẹ̀ ló sì wà kí ẹni tó ni tọ́ọ̀ṣì tó rà á lọ́jà.

Wò ó. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tó máa ń ṣomi sínú tọ́ọ̀ṣì bó bá pẹ́, síǹkì ni agolo rẹ̀, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù ló wà láàárín, ìyẹ̀fun dúdú ló sì yí ọ̀pá náà ká. Ẹ pe ìyẹ̀fun yẹn ní kábọ́ọ̀nù torí pé ó dúdú. Kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n manganese dioxide ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tó sì mú un rin ni omi tí wọ́n po iyọ̀ sí. Ammonium chloride wà lára iyọ̀ náà. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ tán: amóníà ni, tí ásíìdì dè mọ́lẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú omi tó kan díẹ̀, kò ní rùn rárá. Àfi ìgbà tí ẹ da omi eérú lé e.

Ẹ̀yin náà mọ omi eérú. Òun ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́, bó bá sì mú, á bó èèyàn lára. Álíkálì gidi ni, òdìkejì ásíìdì. Álíkálì ló já okùn tí ásíìdì fi de amóníà, amóníà wá gòkè bíi gáàsì. Kò bèèrè sólà, kò bèèrè pọ́ọ̀ǹpù. Ká ní ẹ gbé ike yẹn sínú yàrá tó ṣókùnkùn láàárín òru, á rùn bẹ́ẹ̀ náà. Iṣẹ́ tí pọ́ọ̀ǹpù yín ṣe kò ju pé ó fẹ́ ẹ jáde kíákíá, bí ẹni ń fẹ́ èéfín ẹja sí aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé nípa graphene, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí átọ́ọ̀mù kan péré, tí wọ́n fi bórọ́ọ̀nù sí lára. Wọ́n ní ó ń ṣe amóníà máíkírógíráàmù 9.8 ní wákàtí kan lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn kábọ́ọ̀nù ìgbà yẹn, iye tó jọjú ni. Ká gbà pé ẹ̀yin náà dára tó wọn, ká sì fún yín ní ojú kábọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 50. Wákàtí méjì á fún yín ní nǹkan bíi miligíráàmù 1. Tí miligíráàmù 1 bá wà nínú lítà omi kan, imú èèyàn kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Wàyí o, ká ní gíráàmù 1 péré nínú ammonium chloride ló kù nínú bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Amóníà tó wà nínú gíráàmù kan yẹn jẹ́ miligíráàmù 318. Ohun tó ti wà nínú bátìrì tẹ́lẹ̀ ju ohun tí kábọ́ọ̀nù tó mọṣẹ́ jù lè ṣe fún yín lọ ní ìlọ́po tó lé ní 300. Bí ẹ bá tiẹ̀ rí ti afẹ́fẹ́ ṣe, ẹ ò lè dá a mọ̀ láàárín ti bátìrì.

Bébà lítímọ́ọ̀sì náà kò lè jẹ́rìí fún yín. Bí afẹ́fẹ́ bá ń hó nínú omi eérú, ó ń ta omi wínníwínní sókè. Ẹ̀kán omi eérú kan ṣoṣo tó bà lé bébà tó tutù, ó di búlúù nìyẹn, láìsí amóníà kankan.

Má rò pé mò ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Èmi náà ti jó irú ijó yẹn rí, mo tiẹ̀ ra mínírà fún gbogbo láàbù. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, mo sun kábọ́ọ̀nù kan tí mo ti fi náítírójìn sí, mo rì í sómi, mo tan iná. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iye amóníà fi ń gòkè. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ẹni tó yẹ kó so sílíńdà náítírójìn mọ́ ọn so ti ágọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ágọ́ọ̀nù la fẹ́ sínú omi títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì sí ohun tí kẹ́mísírì lè fi ágọ́ọ̀nù ṣe níbẹ̀. Síbẹ̀ amóníà tún gòkè, iye kan náà gan-an. Mínírà tí mo rà ti wọ ikùn àwọn èèyàn tán.

Nígbà tá a tú u wò, ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé. Ẹni tó wà nídìí tábìlì kejì máa ń ṣí ìgò amóníà líle ní àràárọ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi pín ike wa sí méjì ń fà á mu láti inú afẹ́fẹ́ yàrá, ó sì ń tú u sílẹ̀ sómi díẹ̀díẹ̀. Èkejì ló dùn mí jù: kábọ́ọ̀nù mi fúnra rẹ̀ ló ń já náítírójìn tí mo sun mọ́ ọn lára sílẹ̀. Kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ẹni tó bá fi náítírójìn se kábọ́ọ̀nù, kó tó máa yọ̀ pé òun rí amóníà, kó kọ́kọ́ fura sí ìkòkò tó fi se é.

Kí ló wá dé tí iye tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ń rí pàápàá fi kéré tó báyìí? Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá 78 nínú 100 ni náítírójìn. Ó yí iṣu ká nínú ebè, ó gba àárín ewé àgbàdo kọjá, ewé ń pọ́n nítorí àìrí náítírójìn jẹ, náítírójìn sì ń fẹ́ lára ewé. Méjì-méjì ni àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń rìn, ìdè mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀. Láti já ìdè náà, ó ń gba nǹkan bíi kílójúùlù 945 fún móòlù kan. Ti ọ́síjìn kò ju 498 lọ. Kò sì ní ibi tí a lè dì mú, torí pé apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ dọ́gba. Ó dà bí ẹni tó káwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, tí kò bá ẹnikẹ́ni bọwọ́.

Fritz Haber fi hàn ní 1909 pé a lè fipá mú un, Carl Bosch sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Oppau ní ilẹ̀ Jámánì ní 1913: irin ni kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí iṣẹ́ náà yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán, ooru tó tó 400 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìfúnpá tó tó ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ yìí. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń gbà títí di òní ní Eleme àti ní Lekki, gáàsì ilẹ̀ ló sì ń fún wọn ní háídírójìn. Ìdí nìyẹn tí owó gáàsì fi máa ń bá owó yúríà rìn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí Haber, iná ọ̀run ti ń ṣe é. Ó dùn mọ́ mi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi pe méjèèjì: mànàmáná tó ń kọ lójú òfurufú àti iná mànàmáná inú wáyà. Ooru mànàmáná máa ń lu náítírójìn àti ọ́síjìn pọ̀, òjò á sì gbé wọn wálẹ̀ bíi náítíréètì, ìyẹn náítírójìn tó ti so mọ́ ọ́síjìn, tí gbòǹgbò lè fà mu. Àwọn ará Norway méjì, Birkeland àti Eyde, kọ́ ọ lára rẹ̀ ní 1903. Ní 1905 wọ́n ti ní ilé-iṣẹ́ ní Notodden tí wọ́n ti ń fi iná ńlá lu afẹ́fẹ́ láti fi ṣe ajílẹ̀. Iná tó ń jẹ pọ̀ jù, ọ̀nà Haber ló sì gbapò mọ́ ọn lọ́wọ́. Fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ìṣòro kejì ni omi. Náítírójìn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò: bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ náítírójìn nìkan sínú lítà omi kan, nǹkan bíi miligíráàmù 18 ni omi máa gbà. Fún mólíkù náítírójìn kan, mólíkù omi tó lé ní 80,000 ló yí i ká. Tí Yorùbá bá ní omi ti pọ̀ ju ọkà lọ, irú èyí ni. Gbogbo omi yẹn ló sì ń wá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn hóró iná tó ń ṣàn nínú wáyà. Méjì péré ni háídírójìn nílò kó tó hó jáde. Náítírójìn nílò mẹ́fà, háídírójìn mẹ́fà náà gbọ́dọ̀ bá a wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó di amóníà méjì. Fóltì tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ kò jìnnà síra, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì, nítorí náà a ò lè fi fóltì nìkan yan èyí tá a fẹ́. Ẹ̀yin tún fi afẹ́fẹ́ lásán ṣe é, ọ́síjìn wà nínú rẹ̀. Ọ́síjìn a máa gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣáájú àwọn méjèèjì.

Ibi tí kábọ́ọ̀nù ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí pé kábọ́ọ̀nù fẹ́ràn náítírójìn la ṣe ń lò ó. Rárá o. Torí pé ọ̀lẹ ni nídìí háídírójìn ni. Plátínọ́ọ̀mù, kí iná tó kàn án dáadáa, háídírójìn ti ń hó lára rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù a máa lọ́ra, nínú ìlọ́ra yẹn ni náítírójìn fi lè ráyè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò wọ́n, ásíìdì àti álíkálì kì í tètè jẹ ẹ́, ihò inú rẹ̀ sì pọ̀. Gíráàmù kan nínú èédú tí wọ́n ti fi ooru la ihò sí lára, irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, ojú rẹ̀ lè tó mítà onígun mẹ́rin 1,000. Gíráàmù méje tẹ́ pápá bọ́ọ̀lù kan.

Kábọ́ọ̀nù pọ́ńbélé, irú ti inú pẹ́ńsùlù, kì í dá náítírójìn lóhùn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pín dọ́gba lára rẹ̀, kò síbi tó ṣófo, kò síbi tó kún jù. Iṣẹ́ àwa tí à ń ṣe kátálíìsì ni láti da ìdọ́gba yẹn rú. Mú bórọ́ọ̀nù. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ló ní níta, kábọ́ọ̀nù ní mẹ́rin. Bí bórọ́ọ̀nù bá gba ipò kábọ́ọ̀nù kan nínú àwọ̀n yẹn, àga kan ṣófo. Mólíkù náítírójìn ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá ẹnikẹ́ni pín, ó lè fi wọ́n jókòó sórí àga náà. Bó bá ti jókòó tán, kábọ́ọ̀nù á ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ padà sínú náítírójìn, sí ibi tó ń mú ìdè mẹ́ta yẹn dẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbà, ó fi ọwọ́ kejì fún un, ìdè náà sì ń tú láàárín méjèèjì. Tó bá jẹ́ náítírójìn la fi sí kábọ́ọ̀nù lára, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: náítírójìn a máa fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kábọ́ọ̀nù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á wá ṣaláìní díẹ̀, ebi á máa pa á, òun ni yóò na ọwọ́ sí àlejò. Kódà ihò lásán, ibi tí átọ́ọ̀mù kan ti jábọ́ kúrò, lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Èyí tó wù mí jù lọ ni irin àdádó. A lè to náítírójìn mẹ́rin sínú kábọ́ọ̀nù kí wọ́n di átọ́ọ̀mù irin kan ṣoṣo mú láàárín. Bí irin ṣe jókòó nínú ẹ̀jẹ̀ wa gan-an nìyẹn, náítírójìn mẹ́rin ló yí i ká níbẹ̀ náà. Kòkòrò àìrí tó ń gbé gbòǹgbò ẹ̀wà ní tirẹ̀, èyí tó ti ń ṣe amóníà láti ayébáyé láìsí iná, irin méje àti molybdenum kan ló fi ń ṣiṣẹ́, ìgbà tó sì di 2011 ni àwọn onímọ̀ wá rí i dájú pé átọ́ọ̀mù tó wà ní àárín gbùngbùn wọn, kábọ́ọ̀nù ni. Ọ̀kan péré. Mi ò sọ pé ìyẹn túmọ̀ sí nǹkan fún èédú yín o. Ó kàn máa ń mú orí mi wú ni.

Èédú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ti àyin tàbí ti apá, kò tíì dé ibẹ̀. Abẹ́ erùpẹ̀ ni wọ́n ti ń sun ún, ooru rẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó láti mú kí ó gbé iná dáadáa. Ìyẹn ń fẹ́ 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé. Eérú àti irin tí igi fà láti inú ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, náítírójìn igi fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó dára fún ìdáná. Bí a bá tan iná sí i, a ò ní mọ èwo nínú wọn ló ṣe kí ni.

O bi mí nípa sísọ ọ́ di ńlá. Àpò yúríà kan, kílò 50, náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ kílò 23, amóníà tí ìyẹn ń fẹ́ sì tó kílò 28. Ẹ mú kábọ́ọ̀nù oníbórọ́ọ̀nù ti 2018 yẹn, ká tiẹ̀ sọ ọ́ di máíkírógíráàmù 10 kí ìṣirò lè rọrùn, kí ẹ fi kun pátákó tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀. Wákàtí kan, ó fún yín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Kílò 28 á gba wákàtí 280,000. Tọ̀sán-tòru, láìsinmi, láìsí ọjọ́ tí òjò ṣú bo sólà, ọdún 32 ni. Wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ́la, àmọ́ àgbàdo kì í dúró de ogún ọdún.

Iná ńkọ́? Àwọn tó ṣe é sọ pé nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló lọ síbi amóníà, ìyókù di háídírójìn. Ní fóltì 2, àpò kan ṣoṣo á jẹ iná tó tó 2,400 kWh. Sólà 100 W tí oòrùn ràn sí fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ á fi ọdún 13 ṣiṣẹ́ yẹn. Ká tiẹ̀ ní kò sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan tó ṣòfò, ó ṣì máa gba nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ kan wá sí Kàbà tàbí Mọ̀pà, tó ní èédú àti sólà kan ṣoṣo ló ń fi ṣe ajílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ní kó ṣírò rẹ̀ níwájú yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Mo sọ "ká gbà pé" nípa iye ti 2018, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín ọdún mélòó kan, ìwé nípa kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn ti pọ̀ bí èèrùn, iye amóníà inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju èyí tí eruku, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tàbí èémí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè dá sílẹ̀. Ní 2019, àwọn onímọ̀ láti Denmark, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ṣe é pẹ̀lú ágọ́ọ̀nù. Bí amóníà bá ṣì yọ, má tíì sọ̀rọ̀. Ṣe é pẹ̀lú náítírójìn láìtan iná. Ohun kan náà. Lẹ́yìn náà, ra náítírójìn tó wúwo, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 15 dípò 14, fọ̀ ọ́ mọ́, torí sílíńdà rẹ̀ pàápàá lè ní amóníà nínú, kí o fi tún un ṣe. Ti afẹ́fẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n 15 nínú, kò tó ìdá kan nínú 100. Bí amóníà bá jẹ́ ti ìwọ̀n 15, ẹ̀rọ NMR, tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dá átọ́ọ̀mù mọ̀, á ya òkè méjì sórí ìlà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìwọ̀n 14, ó ya mẹ́ta. Ojú lásán ló fi ń rí i. Bí o bá fi ìwọ̀n 15 ṣiṣẹ́ tí òkè mẹ́ta ṣì ń yọ, ilé ni olè wà. Kábọ́ọ̀nù tí wọ́n sun náítírójìn mọ́ lára ni mo máa ń kọ́kọ́ bi nípa àyẹ̀wò yìí. Bí òǹkọ̀wé kò bá ṣe é, mi ò kì í ka ojú ìwé tó kù.

Ohun tó yege nínú àyẹ̀wò yẹn láìsí àríyànjiyàn ni lítíọ̀mù, kì í ṣe kábọ́ọ̀nù. Lítíọ̀mù a máa jẹ náítírójìn láìsí ooru kankan. Ní 2021 wọ́n dé ìdá 69 nínú 100 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ní 2022 wọ́n sún mọ́ 100. Àmọ́ omi ni ọ̀tá rẹ̀, fóltì tó ń jẹ sì ga, nítorí náà kì í ṣe ohun inú ike ní kíláàsì.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún lówó ìwádìí lónìí, mi ò ní fi kábọ́ọ̀nù lé náítírójìn inú afẹ́fẹ́ kiri nínú omi. Ìka tó tọ́ sí imú là ń fi í re imú. Ẹ rántí Birkeland àti Eyde: iná lè kọ́kọ́ sọ afẹ́fẹ́ di náítíréètì, lẹ́yìn náà kábọ́ọ̀nù onírin àdádó á sọ náítíréètì di amóníà. Náítíréètì ń yòrò dáadáa, ìdè rẹ̀ rọ̀ ju ti náítírójìn lọ. Ní 2021, àwọn kan ní Rice University ní Amẹ́ríkà fi irin àdádó nínú kábọ́ọ̀nù ṣe é, nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló lọ síbi tí wọ́n rán an. Iye yẹn kúrò ní ti èémí àti eruku. Ibi tí mo rò pé ó máa kọ́kọ́ wúlò ni omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ tó kún fún náítíréètì, kì í ṣe oko. Àgbẹ̀ tó bá ti ní náítíréètì lọ́wọ́ ti ní ajílẹ̀. Kí ló fẹ́ fi iná sọ ọ́ di amóníà fún?

Ní ti àwọn àgbẹ̀ yín, ẹ̀wà àti sóyà ni mo máa ní kí wọ́n fi tẹ̀lé àgbàdo. Kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀wà bá ń tanná, kí wọ́n wú ìdí kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n fi bíléèdì la kókó ara gbòǹgbò, ilé kòkòrò àìrí tí mo sọ yẹn. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran, ó ń ṣiṣẹ́. Irin ló pọ́n yẹn, ìbátan ti inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá funfun tàbí tó dúdú, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀.

Àyẹ̀wò yín ńkọ́? Ẹ má dà á nù, ẹ tún un ṣe. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má tún tan iná sí ohunkóhun tí ìyẹ̀fun bátìrì wà nínú rẹ̀, ẹ má sì fi iyọ̀ sí omi náà: chloride àti amóníà lábẹ́ iná lè bí gáàsì olóró, òmíràn a tiẹ̀ máa bú gbàù. Ẹ wá ike mẹ́rin. Nínú ti àkọ́kọ́, ìyẹ̀fun bátìrì àti omi eérú, láìsí iná. Nínú ìkejì, ìyẹ̀fun bátìrì àti omi lásán. Ìkẹta, ọ̀pá dúdú inú pẹ́ńsùlù méjì nínú omi eérú tuntun, ẹ so ó mọ́ sólà, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ̀yin náà lè sọ pé ẹ fún kábọ́ọ̀nù láyè. Ìkẹrin, omi eérú àti pọ́ọ̀ǹpù nìkan. Ẹ fi òwú dí ẹnu ike kọ̀ọ̀kan kí omi má ta dé bébà, kí ẹ wá fi bébà lítímọ́ọ̀sì rírin kọ́ sórí òwú.

Ti àkọ́kọ́ ni mo retí pé á rùn. Bí ìkẹta bá rùn, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ewúrẹ́ wà ní ìtòsí, tàbí bóyá àpò yúríà ẹnì kan wà nínú sítọ́ọ̀ tí ẹ kó ike sí. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó da omi sí wọn jẹ́ ẹni tó máa gbóòórùn. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sábẹ́ ike, kí ẹlòmíràn pààrọ̀ ipò wọn, kí ẹ wá pe ọmọ tí kò sí níbẹ̀ wọlé. Kó má tẹ imú bọ̀ ọ́ o. Kó fi ọwọ́ fẹ́ ẹ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ díẹ̀, kó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.